Àlejò tí kò kí mi

Daddy mi àtàtà,

Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí ẹ ti lọ, mo ṣì ń po tíì ife méjì láàárọ̀. Èyí tó jẹ́ tiyín, mo máa ń mu ún bó ti tutù, torí ẹ ò fẹ́ kéèyàn máa da nǹkan nù. Bàtà tí ẹ fi ń wa bọ́ọ̀sì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Auntie Bísí ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n fi ta ẹnì kan lọ́rẹ. Mo ní màá ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ olórin tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Àwọn Júù ni wọ́n, wọ́n ń fi èdè Hébérù kọ orin àdúrà, wọ́n ń lu régè sí i. Ẹ ní níbi tí régè bá wà, igbó mímu ò jìnnà. Ṣùgbọ́n igbó kọ́ ló bí yín nínú, Daddy, ọjọ́ Sọ́ńdè ni. Àwọn èèyàn yìí kì í fọwọ́ kan gìtá láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọjọ́ ìsinmi wọn nìyẹn, nítorí náà àárọ̀ Sọ́ńdè la máa ń ṣe ìdánrawò ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Plumstead, nílùú òyìnbó tá a wà yìí. Gìtá béèsì tí ẹ rà fún mi pé kí n fi máa sin Ọlọ́run nínú kúáyà, òun ni mo gbé kọ́ èjìká kọjá níwájú yín, tí ẹ gbé Bíbélì yín lọ́wọ́ tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tí ẹ kì í parí àdúrà láìpe Ọlọ́run Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù! Àwọn ọmọ Jékọ́bù gan-an ni mo sì lọ bá. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Bá a ṣe di odi síra wa nìyẹn. Láti ìgbà tí Mummy ti kú, àwa méjì péré la wà nílé, síbẹ̀ a fi odindi oṣù méjì àtààbọ̀ yan ara wa lódì. Mò ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ẹ ń jẹ ẹ́, ẹ ń fọ abọ́ yín. Mo ní lọ́kàn mi pé tí ẹ bá bá mi sọ̀rọ̀, màá dáhùn. Ṣé ẹ̀yin náà ń dúró dè mí ni? Ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí níbi iṣẹ́ pé ẹ ṣubú ní gáráàjì. Kí n tó débẹ̀, ẹ ti lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé kún. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, Olúwa á tù ọ́ nínú, ẹ̀yìn Daddy á dáa. Àwọn mìíràn ti ń kí mi látorí àtẹ̀gùn kí wọ́n tó rí mi rárá. Nígbà tí èrò lọ tán ni Ari dé, olórí ẹgbẹ́ wa, òun ló ń kọrin. Ó wọlé, ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Kò kí mi. Mo retí retí. Auntie Bísí yọjú láti kíṣìnì:

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nìyí? This your friend, wọn ò train ẹ̀ ni?”

Nígbà tó tó bíi wákàtí kan, ó dìde, ó kùn nǹkan lédè Hébérù lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí mi gan-an. Bàbá mi kú, ọ̀rẹ́ mi ò lè la ẹnu kí mi! Mo fi ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n pè mí títí, mi ò gbé e. Mi ò lè padà sí kúáyà náà, ojú ń tì mí. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ lọ tọ́jú àwọn arúgbó, mò ń wálé, mò ń sùn. Mo dá wà, Daddy. Mo dá wà gan-an.

Thursday tó kọjá, mò ń ṣa ata ní ọjà Beresford Square nígbà tí Míríámù, tó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ wa, dì mọ́ mi. Mo bú sẹ́kún, mo rojọ́ Ari fún un. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn Júù bíi tòun, ẹni tó bá wá sílé ọ̀fọ̀ kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí òkú kú fún ló ń kọ́kọ́ la ẹnu. Bí kò bá sọ̀rọ̀, wọn á bá a jókòó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, àdúrà ìtùnú ni. Ó ní Ari rò pé n kò fẹ́ rí òun mọ́ ni.

Mo gbàgbé ata síbẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ Ari kọ́ ló ń gún mi lọ́kàn mọ́, tiyín ni. Níbo ni bàbá ti ń kọ́kọ́ kí ọmọ? Èmi lọmọ, èmi ló yẹ kó kúnlẹ̀. Láràárọ̀ oṣù méjì àtààbọ̀ yẹn, kí ẹ tó jáde, ẹ máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá mi. Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ lẹ ń wá lápò.

Mo pe Ari lánàá. Ó gbé e, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé bàbá mi kú. Gbogbo ayé ló ti ń bá mi sọ ọ́ láti oṣù mẹ́rin, èmi ò tíì fẹnu ara mi sọ ọ́ rí.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, Daddy, mo ń kí yín. Ẹ má dìde.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ jù kó tó kí yín.