Nítorí Ẹyẹlé Bàbá

Ìkòsí, Kétu.
Oṣù Kẹta, 2004.

Ẹ̀gbọ́n mi Mutolib,

Asalaamu alaekun. Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ń kí yín. Ata ti gbówó lórí ní Mile 12, ṣùgbọ́n Màmá ṣì ń rí tà. Ọ̀rọ̀ Bàbá ló ń bí mi nínú.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi lo oògùn ikọ́ ife lásán. Dókítà tuntun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sìn nílé. Eruku ìyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹlé ló ń mú ẹ̀dọ̀fóró wọn wú. Bí wọ́n bá ti gbá ilé ẹyẹ báyìí, ibà á dé, wọn ò ní lè mí dáadáa. Dókítà fún wọn ní oògùn tó máa mú kí wíwú náà rọlẹ̀, ó ní bí ẹyẹ ò bá kúrò, ẹ̀dọ̀fóró á le, kò sì ní sàn mọ́.

Ẹ̀yin wá ń pè wọ́n láti Jeddah pé ire ilé á bá ẹyẹ lọ, pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn?

Mo ta àwọn ẹyẹlé náà. Mẹ́rin fò padà wálé, mo sì sè wọ́n. Bàbá jẹ wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá lónìí, ẹ ní kí wọ́n lo oògùn wọn, torí ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọlọ́run á ṣọ́ yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ rèé tí ẹ ti lọ. Nínú ẹ̀yin àti ẹyẹlé, ta ló yẹrí?

Àbúrò yín,
Ruqoyah