Ẹran Omi Tí Kì í Lò Ju Ọdún Kan Lọ

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti orí omi. Ara mi le, oúnjẹ sì ń kárí wa.

Ẹ ní ṣé a lè sin sùkúìdì, ẹran omi ọlọ́wọ́ mẹ́wàá tí à ń pa níbí, sínú kòtò ẹja yín ní Mówè. Kò lè ṣeé ṣe. Omi iyọ̀ ló ń gbé, ọdún kan péré sì ni ayé rẹ̀. Ó máa ń tètè dàgbà. Bó bá ti yé ẹyin tán, ó kú nìyẹn. Àwọn tí a bá nígbà tí a dé ti kú tán, ọmọ-ọmọ wọn là ń pa báyìí. Ọ̀gá ọkọ̀ ní ká ṣì fi sùúrù sí i, a máa tó wálé.

Ó tún burú ju ẹja àrọ̀ lọ. Ẹ̀yin máa ń ṣa àwọn ńlá kúrò kí wọ́n má bàa jẹ kéékèèké. Èyí, bí ìwọ̀ bá mú ọ̀kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa dà bò ó, wọ́n á máa jẹ ẹ́ bó ṣe ń gòkè bọ̀.

Gbémiga tí a jọ wá ò lè kọ̀wé mọ́. Mo ti fọ aṣọ rẹ̀, ó wà nínú àpò mi. Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀ ní Ìbàfò. Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ mú àwọn àgbà ìjọ dání.

Ọmọ yín,
Bólúwadúró