Sàráà Tí Ọ̀gá Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Abuja dùn, mò ń jẹ, mò ń yó. Shakirah tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kugbo ló ń bá mi kọ èyí.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń gba orúkọ fún iṣẹ́ ìjọba báyìí. Kọ̀ǹpútà tó ń kàwé sókè fún àwa afọ́jú ni mo lò. Mo kọ gbogbo rẹ̀ tán, ni wọ́n bá ní kí n wo àwòrán kan, kí n tẹ lẹ́tà inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò lè ka àwòrán. Ṣé àwọn olójú nìkan ló ni ìjọba ni?

Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi gba ọ́fíìsì wọn lọ. Mo gbọ́ tí ọ̀gá ibẹ̀ ń sọ Yorùbá, mo bá kúnlẹ̀ kí i bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mi ò tíì sọ ohun tó gbé mi wá tó fi fi owó lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Gba sàráà, bá mi ṣàdúrà.” Mo pariwo mọ́ ọn, wọ́n sì fà mí jáde.

Ẹ má fowó ránṣẹ́ o, owó ń bẹ lọ́wọ́ mi. Sàráà yẹn ni mo fi wọkọ̀ padà sílé.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní mo ti wọ ọ́fíìsì ìjọba.

Ìdáyátù yín.