Ishaq Sàláúdéènì, Ẹni Tó Kọ̀ Láti Fò

A bí olóògbé Ishaq Àkànní Sàláúdéènì ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ọdún 1972, ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀, Alfa Sàláúdéènì; ìyá rẹ̀ ń ta òwú ní Ọjà'ba. Ó lọ ilé kéú, ó sì parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1990. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti máṣíìnì bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1998, iṣẹ́ aṣọ rírán gbé e lọ sí Gánà. Àwọn kan ń fò níbẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú páráglaídà, aṣọ fífẹ̀ tí atẹ́gùn ń kún inú rẹ̀, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ìjókòó ẹni tó ń fò. Òun ni wọ́n ń gbé èyí tó bá ya wá bá. Ó kọ́kọ́ mọ àtúnṣe rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ́ fífò.

Ó gbé tirẹ̀ wálé ní ọdún 2009. Ní ọdún kejì ó fẹ́ Waliyat láti Ìdí Arẹ̀rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń tẹ́ aṣọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ń fi ìka tọ okùn kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó ń yẹ ojú rírán wò, tí ó sì ń ká a kúrò lójú oòrùn. A máa ń kọjá lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó tì í.

Ní Iléyá ọdún 2016, ó ṣèlérí láti gbé Nojeem ọlọ́kadà, ọmọ àdúgbò wa, fò láti orí òkè kan ní Ìbàràpá. Ó ti ṣáájú lọ fún ọ̀sẹ̀ kan láti mọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe ń fẹ́. Bọ́ọ̀sì méjì èrò ló gbé aṣọ náà tẹ̀lé e. Ishaq fi ẹnu sí aṣọ, ó fa èémí, atẹ́gùn tó yẹ kí aṣọ náà dá dúró gba inú rẹ̀ kọjá. Ó tú Nojeem kúrò nínú ìjókòó. Nojeem ní ojo ni Ishaq.

Ishaq ní, "Aṣọ yìí ti kú. Mi ò ní fi gbé ọmọ ọlọ́mọ."

Ó gé e sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́. Kò fò mọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Ishaq Má-fò, Ọjà'ba gbọ́, Mápó gbọ́.

Nílé wa, a kì í jẹ́ kí aṣọ ìdọ̀tí bá wa wọ Iléyá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Zakariyya, tí ó ń kọ ìtàn yìí fún ẹbí, ló fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ aṣọ náà ní ọ̀sẹ̀ tí olóògbé fi wà ní Ìbàràpá, tí ó sì sá a sórí páánù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọṣẹ àti oòrùn bó ohun tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jò lára rẹ̀. Lórí òkè lọ́jọ́ náà, olóògbé rí àpá ọṣẹ lára aṣọ náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n náà dákẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́jọ. Lónìí, níwájú gbogbo yín, ó ń sọ ọ́: Ishaq kì í ṣe ojo.

Ó jáde láyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ó fi Waliyat aya rẹ̀ sílẹ̀, àti Bushrah àti Sìdí, àwọn ọmọ rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n kan.

Àkànní, kí Ọlọ́hun tẹ́ ọ sí ibi ìrọ̀rùn. Kí Ó forí ji ẹni tó dákẹ́. Sinmi o.