Ilé Ìwòsàn Tí Ẹ Mọ, Tí Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tì Pa

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tí mo ṣì ń retí ìró bàtà yín láàárọ̀,

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ ọ́ ló ń ní kí n ṣe sùúrù.

Ẹ rántí ilé ìwòsàn abúlé wa, tí ẹ fọwọ́ ara yín to búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Nígbà náà, ẹ ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ àná ní tútù, ẹ ó gbé irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ẹ ó máa súfèé lọ. Ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà ló ní kí wọ́n kọ́ ọ. Kí wọ́n tó ṣí i, ẹgbẹ́ kejì gba ìjọba, wọ́n sì fi àgádágodo sí i, kí àwọn tí wọ́n lé kúrò má baà gbayì. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá yín wólẹ̀, iwájú rẹ̀ la gbé yín kọjá nígbà tí à ń sáré lọ sí Ṣàgámù. Ẹ ò débẹ̀ láàyè. Ṣé ẹ rí ilẹ̀kùn náà bí a ti ń kọjá?

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe jáde du ipò aṣòfin, mo sì wọlé. Ilé aṣòfin tí mo bá nìyí, Bàbá: ẹgbẹ́ méjì, agbára dọ́gba. Bí tiwa bá gbé àbá kalẹ̀, tọ̀hún á dìde jáde. Bí tọ̀hún bá gbé e, tiwa á dìde. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín mọ́tò tuntun nìkan ni gbogbo wọn ń jókòó pé.

Sàlíù, ọ̀dọ́ ará Simawa tó wà nínú ẹgbẹ́ tọ̀hún, àwọn tó kọ́ ilé ìwòsàn náà, bá mi kọ àbá pé ìjọba kankan ò gbọdọ̀ ti ilé ìwòsàn tí ìjọba mìíràn kọ́. Òun kà á, mo kín in lẹ́yìn. Kí a tó dìbò, olórí ẹgbẹ́ wa, bàbá tó wá jẹun níbi ìsìnkú yín, fà mí sí kọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, tí a bá ṣí i, orúkọ ta ni aráyé máa pè?”

“Tí a ò bá ṣí i ńkọ́, sà? Orúkọ bàbá mi ti wà lórí sàréè ná.”

Ó mirí, ó jáde. Ẹgbẹ́ méjèèjì rọ́ tẹ̀lé e. Ó ku èmi, Sàlíù àti àga.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, a lọ fi ayùn rẹ́ àgádágodo náà. A ò lọ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì tó gbà láti bá wa ṣiṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi ìjọ wọn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì ṣì wà nínú ọ̀rá, Bàbá! Àdán ti ṣu bò wọ́n. A gbá ilé, a fọ̀ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nọ́ọ̀sì ti gbẹ̀bí ọmọbìnrin kan níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu rí fẹnu kò láti lé èmi àti Sàlíù síta. Kò sẹ́ni tó dìde jáde lọ́jọ́ yẹn! Wọ́n tún ti ilé ìwòsàn náà pa.

Wọ́n ránṣẹ́ báyìí pé bí mo bá wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ níwájú ilé aṣòfin, wọn yóò dá mi padà. Màmá ní kí n lọ, nítorí ọjọ́ ọ̀la mi. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i? Ṣé ẹ ò ní dá mi lóhùn ni?

Mi ò ní lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún mi, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni mo máa jókòó sí, Sàlíù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀bẹ̀, kó wá bá wa níbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀.