Wọ́n Ti Gbé Mi Síwájú

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú ohun tó ń bá mi fà á yìí o. Ilé dára, òrùlé kò jò mọ́, èmi nìkan ni kò sí nílé. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ̀wé yìí, lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Inú rírun yẹn ló gbé mi débí.

Wọ́n ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Mo ní kò burú, ṣebí èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ọmọ mi, wọn ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé níbí o! Télọ̀ kan tó dé lẹ́yìn mi, wọ́n ti gbé e wọlé. Awakọ̀ kan tí kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé igbe ló ń ké bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, òun náà kọjá mi. Mo bi nọ́ọ̀sì àgbà bóyá torí pé ará oko ni mí ni. Ó ní rárá, pé dókítà ló ń tò wá, ẹni tí tiẹ̀ bá le jù ló ń lọ ṣáájú.

Mo rò ó títí, báwo ni dókítà ṣe ń mọ èyí tó le jù bí kì í bá ṣe igbe? Bó ṣe yọjú láàárọ̀ ni mo figbe ta, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ tó sá. Ni wọ́n bá tì mí lọ sí yàrá ṣíṣókùnkùn kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò inú mi. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ kí n lè dára nínú rẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀kan kí ìyá rẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹni tó ń yà á kò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ló jáde lọ pe dókítà.

Bí mo ṣe di ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọ̀la nìyẹn. Inú mi dùn títí mo fi rí ojú nọ́ọ̀sì àgbà. Obìnrin tó máa ń jágbe mọ́ mi pé mò ń ṣí fèrèsé, òun ló wá ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ránṣẹ́ pe dókítà, mo jẹ́wọ́ fún un pé mo bu iyọ̀ sí igbe yẹn, pé kó jọ̀ọ́ dá mi padà sẹ́yìn, kí bàbá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa lọ ná. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun mọ̀ pé mo bu iyọ̀ sí i, pé kì í ṣe igbe lòun fi tò mí, ohun tóun rí nínú fọ́tò ni.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Mo sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún àgbà ni, ó sì ti ń fi mí yangàn ní gbogbo àdúgbò. Má là á lóye o. Ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù wà, ìdí nìyí tí mi ò fi pè ọ́. Àbúrò télọ̀ yẹn ló ń padà sí ìlú yín nísinsìnyí, òun ni mo fi ìwé yìí rán.

Bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Èyí tó bá jẹ́ tèmi níbẹ̀, fi wọkọ̀. O ò ní fẹsẹ̀ kọ, ọ̀nà ò ní nà ọ́. Bí o bá bá mi kí wọ́n tó tì mí wọlé, ó dára. Bí o kò bá bá mi, jókòó síbi tí màá ti rí ọ bí mo bá lajú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.