Ọmọlangidi Ọjọ́ Ẹtì Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń hanrun láti Ìlàrè tí ará Ẹdúnàbọ̀n á fi jí,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Mo ti di olè. Ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe fóònù ni mo jí. Ọmọlangidi ni, èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìlera wa fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí kò mí mọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà báyìí, ó lajú sílẹ̀ bí ará oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ ṣubú lulẹ̀ ní pálọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi gbé yín dé ilé ìlera náà. Àǹtí Ṣadé, nọ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń pè ní ìyàwó yín, ló ń tẹ àyà yín, tó ń kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta, kíá kíá. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, kíkà náà gùn lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dúró de ẹnu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ rí, bóyá nígbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, látìgbà náà sì ni ọmọlangidi ti ń sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ ò dìde.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, Àǹtí Ṣadé sunkún tó lè kún odò, ó wá gbé ọmọlangidi náà jáde. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó pe aláìsàn àkọ́kọ́, wọn á tẹ́ ẹ sílẹ̀. Wọn kì í kà kọjá ẹ̀wá mọ́: ení dé ẹ̀wá lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Mátírọ̀nù tún lè ṣàdédé jù ú sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kó wo ẹni tó máa kọ́kọ́ sáré. Mo ń yọjú lójú fèrèsé títí wọ́n fi ní kí n wọlé. Bàbá mi, ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sí ọwọ́ tó dà bíi tèmi!

Àfi bí bàbá Ṣínà ọ̀rẹ́ mi, fọ́kanáísà àdúgbò wa, ṣe ṣubú lé táyà tó ń lẹ̀. Àǹtí Ṣadé yìí kan náà ló tẹ̀ ẹ́. Ó mí. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, ó padà wálé, ó sì tún ń bú Ṣínà lórí sípánà.

Ọmọ Ìlàrè ni mí, àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ ìlara ni mí. Kí ló dé tí kì í ṣe bàbá Ṣínà ló kọ́kọ́ ṣubú? Ṣé ẹ̀yin wá ni ọmọlangidi tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ dè é ni? Ṣínà ń ráhùn sí mi létí pé bàbá òun ti le jù. Ó kù díẹ̀ kí n gé e jẹ. Mo bá rò ó pé bí wọ́n bá gbàgbé iṣẹ́ náà lórí tiyín, kí wọ́n yáa gbàgbé lórí ti gbogbo ayé. Bí mo ṣe ki ọmọlangidi bọ inú àpò ìrẹsì nìyẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n wá a títí, wọn ò kọ́ nǹkan kan.

Àná ni bàbá Ṣínà wá kí Màámi. Orí àga yín ló lọ jókòó sí! Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń fojú dá a lu. Ni mo bá rí Ṣínà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣínà tó ti ń hu irùngbọ̀n, tí kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá, ló di etí bùbá bàbá rẹ̀ mú, bí ẹni pé atẹ́gùn lè gbé e lọ. Bí bàbá náà bá ti húkọ́, Ṣínà á tún dì í mú ṣinṣin. Èmi ò ní aṣọ tí mo lè dì mú mọ́, Bàbá mi, àmọ́ mi ò lè já ti ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yìn ni mo máa pọn ọmọlangidi náà sí, tí màá fi gbé e padà lọ lójú gbogbo ayé. Àǹtí Ṣadé á fa etí mi títí á fi gùn ju ti ehoro lọ. Kó fà á, àmọ́ kó tètè fà á tán, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kíá. Ikọ́ bàbá Ṣínà yẹn ò dùn létí mi rárá.

Èmi ni,
ọmọ yín, tó ń jowú títí dòní, tó sì fẹ́ràn yín ju bí gbogbo Ifẹ̀ ṣe fẹ̀ tó lọ.